Háàpù Tí Bàbá Mi Kàn

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú àmójútó ilé, ẹ kú ìfaradà ẹ̀gbọ́n mi àti ariwo máṣíìnì ìránṣọ wọn. Ṣé ara le? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti gbà láti máa tẹ̀ bí ẹ bá sọ fún un pé kó tẹ̀? Èmi wà pa. Òtútù ibí ń ṣe tirẹ̀, èmi náà ń wọ aṣọ lé aṣọ. Ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń fọṣọ ti ra ẹ̀rọ tuntun tó ń fọ ọgọ́ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi tí mo máa ká ọgọ́ta náà, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá, ẹ wá ibi jókòó sí. Mo ti háyà háàpù.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ohun èlò orin olókùn ni, igi rẹ̀ ní igun mẹ́ta, okùn tò sáàárín rẹ̀ láti gígùn dé kúkúrú. Èyí tí mo háyà kì í ṣe ti àwọn ńlá tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé. Kékeré ni, mo lè gbá a mọ́ra gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni màmá àgbàlagbà kan máa ń wá ta irú rẹ̀ fún àwọn arúgbó wa nínú gbọ̀ngàn. Èmi á gbé aṣọ tí mo ti ká kọjá, ẹsẹ̀ mi á kọ̀, kò ní lọ. Lọ́jọ́ kan màmá náà ní, "Ìwọ tó o máa ń dúró síbi ilẹ̀kùn yẹn, wá fọwọ́ kàn án." Mo fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ mi parí níbẹ̀.

Màmá náà ní kí n wá sílé àwọn wá dán mẹ́ta wò. Àkọ́kọ́ ní okùn méjìlélógún, orí itan ni wọ́n ń gbé e lé, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ há jù fún ìka mi. Ìka yín náà ni mo jogún, ẹ mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ohùn rẹ̀ dùn débi pé mo fẹ́ sunkún, àmọ́ mo rántí àtẹ̀gùn ilé mi, omijé náà gbẹ. Èyí tó wà láàárín ní okùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo gbé e sáàárín orúnkún, mo fi í ti èjìká ọ̀tún, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Lókè okùn kọ̀ọ̀kan, irin kékeré kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irin yẹn sókè, ohùn okùn náà á ga díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn irin náà ń kùn bí eṣinṣin, màmá náà fi síkúrù mú un le, ó dákẹ́. Òun ni mo mú wálé.

Ohun tó wà lọ́kàn mi rèé. Oṣù kejìlá ni wọ́n máa fún mi ní ìsinmi, màá sì wálé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Orin tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá ń fá igi ni mo fẹ́ ta fún yín. Mo rántí ìlà kìíní, ìkejì àti ìkẹrin. Ìlà kẹta ti sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi pè mí, kí ẹ kọ ọ́ sí mi létí lórí fóònù.

Ẹ wò ó, Bàbá, ó ti lé lọ́dún méjì tí ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù gbẹ̀yìn. Bí mo bá pè, ẹ̀gbọ́n mi á ní ẹ wà lẹ́yìn ilé. Irú ẹ̀yìn ilé wo ni èèyàn ń wà fún ọdún méjì? Bó bá jẹ́ pé ẹ ń bínú pé mo lọ, ẹ sọ ọ́ síta. Inú mi ò dùn sí i.

Ọmọ yín,
Ẹlẹ́rìn-ín


Ogúnjọ́, oṣù kejì

Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ mi,

Mo kà á pé o wà pa, inú mi dùn. Mo ka ìyókù lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Ó ní ohun tí mo kà náà ló wà níbẹ̀. Háàpù! Ọmọ tí wọ́n ní kó kọ́ fèrè nílé ìwé, tó ní fèrè ń rùn, òun ló dàgbà tán tó ń háyà háàpù. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n fi kàn án? Igi wo? Báwo ni wọ́n ṣe so àwọn igun rẹ̀? Bó bá jẹ́ ìṣó ni wọ́n gbá mọ́ ọn, dá a padà fún wọn lónìí. Báwo ni pákó àyà rẹ̀, níbi tí okùn so mọ́, ṣe nípọn tó? Ṣé o wo ìdí rẹ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́? O ní o fọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ rẹ parí. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ láti ra nǹkan onígi nìyẹn?

Ní ti fóònù, o ò ṣẹ̀ mí, n ò sì bínú. Ọ̀rọ̀ fóònù a máa sá lọ kí n tó rí i mú. Lẹ́tà ni tèmi. Mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n sì fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Orin tó o béèrè nìyí:

Fá a kó dán,
fá a kó dán o,
igi tó le lánàá ti di ìjókòó,
ẹni tó rẹ̀, kó wá jókòó.

Ohùn rẹ̀ á padà wá bá ẹ fúnra rẹ̀. O gbọ́ ọ tó nígbà tó o wà ní kékeré.

Mo ti ti ilé iṣẹ́ pa láti bí ọdún kan. Orúnkún ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń kí ẹ, ó ní kó o ra òwú dúdú tó dáa bọ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ àìríṣẹ́ṣe o! Ẹ ti ilé iṣẹ́ pa, ẹ ò sì sọ fún mi? Ìròyìn yẹn bà mí nínú jẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. N ò lè fọkàn ro ilé yẹn láìsí eruku igi.

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín. Ìka mẹ́rin ni wọ́n fi ń ta háàpù ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìka tó kéré jù kì í ṣe nǹkan kan, ó kàn máa ń bá wọn lọ. Ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí wa, n ò ní dárúkọ. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ nàró, bí ìka bá sì ta okùn tán, kó sá wọ àtẹ́lẹwọ́ kíá. Ìyá Háàpù (orúkọ tí mo sọ olùkọ́ mi nìyẹn) máa ń sọ pé, "Pa á dé! Pa á dé!" bíi pé ìka mi ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Orí ìka mi ti lé ròrò, ó bẹ́, ó tún lé. Awakọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ mi, tó máa ń sùn lọ́sàn-án, ti fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pàdé mi lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé o máa ń ṣi ibì kan náà ta?" Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n tètè tún un ṣe, nítorí òun náà ti ń kọ ọ́ bó ṣe ṣì nínú ọkọ̀ òun.

Okùn rẹ̀ kì í ṣòro dá mọ̀, torí wọ́n kun àwọn kan ní pupa àti dúdú kí ojú má baà ṣì. Yíyí wọn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ojoojúmọ́ ni mo ń yí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlọ́gbọ̀n kí ohùn wọn tó bára mu.

Ẹ béèrè ìwọ̀n, mo sì mọ̀ pé bí mo bá kọ nọ́ńbà ránṣẹ́ ẹ máa ní mo ṣì í wọ̀n. Nítorí náà mo tọrọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan lára àwọn tó ti gbó níbi iṣẹ́, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo dá háàpù dùbúlẹ̀ lé e, mo fi bírò fa ìlà yí i ká. Mo sàmì sí ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan wà. Ó wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fi rán nǹkan o.

Ìlà kẹta ò tíì padà wá bá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan péré lórí fóònù.

Ẹlẹ́rìn-ín yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ẹlẹ́rìn-ín,

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì dé. Mo fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri ilé iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ṣí ilé iṣẹ́. Aláǹtakùn ti kọ́lé sínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo lé e jáde. Ẹni tó ń ta igi fún mi wọlé, ó wo àwòrán náà títí, ó ní ṣé fèrèsé ilé tó fẹ́ wó ni. Mo ní háàpù ọmọ mi ni. Ó ní, "Háàpù kẹ̀?" Mo ní, "Ìwọ ṣáà gé igi fún mi."

Mò ń kan tìrẹ. Kò sídìí tí wàá fi máa gbé ti ẹlòmíràn kiri nínú bàálù. Èyí á wà nílé níbí, á máa dúró dè ẹ́. Mo ti tẹ ọrùn rẹ̀, mo ti so igun méjèèjì pọ̀ láìfi ìṣó kan ṣoṣo sí i. Àyà rẹ̀ ni mo máa ṣe tẹ̀ lé e. Igi líle ni mo fẹ́ lò, kó nípọn dáadáa. N kì í kan nǹkan tí èèyàn máa gbé padà wá fún àtúnṣe. Ilé olùkọ́ àgbà ilé ìwé yín ti wó, ilẹ̀kùn tí mo kàn sí i ṣì dúró níbẹ̀, wọ́n ń rìn yí i ká ni.

Fi okùn àti àwọn irin kékeré yẹn ránṣẹ́. Sọ fún Ìyá Háàpù pé káfíńtà kan kí i.

Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn. Bó ṣe ṣe é, n ò mọ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi, Bàbá mi, Bàbá mi!

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo fò sókè débi pé awakọ̀ ìsàlẹ̀ tún gbá àjà. Ẹ̀yin ń kan háàpù fún mi! Mo ti sọ fún gbogbo ibi iṣẹ́, mo tún kọ ọ́ sára pátákó ìkéde. Arúgbó kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kà á níbẹ̀, ó ní mo gbọ́dọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná níbi àyà. Ìyá Háàpù fi ọwọ́ lé àyà nígbà tí mo ka "kó nípọn dáadáa" fún wọn. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ni ẹ ń kan yẹn, kì í ṣe háàpù. Pákó àyà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, bíi mìlímítà mẹ́ta péré, nítorí òun ló ń kọrin, okùn kàn ń jí i ni. Wọ́n ní kí ẹ máa fá a díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi eegun ìka lù ú, kí ẹ sì máa tẹ́tí. Bó bá dún "pọ́ọ̀ọ̀n", tí ohùn náà pẹ́ kó tó lọ, ẹ dúró.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọn ò mọ ẹni tí àwọn ń kọ́. Ẹ rántí nígbà tí ẹ máa ń mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta igi? Ẹ máa fi ìka lu pákó mẹ́wàá, ẹ máa ní, "Mẹ́ta nínú ìwọ̀nyí ti jẹrà nínú." Wọ́n á là á, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ṣe fáàrí kiri pé igi ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀.

Okùn àti irin wà nínú páálí tí mo fi ránṣẹ́. Ìyá Háàpù tún ní kí ẹ fi ìka lu pákó náà lẹ́bàá fóònù, kí àwọn lè bá yín gbọ́ ọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí mi.

Ọmọ yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò balẹ̀


Ọjọ́ kẹta, oṣù keje

Ẹlẹ́rìn-ín,

Mo ti kàn án tán. Okùn ti wà lórí rẹ̀. Mo fá a, mo lù ú, ó dún. Kò sídìí fún fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ó lẹ́wà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi fọ́tò ránṣẹ́, mo sì wò ó títí ojú fi ń ro mí. Igun tí ẹ so pọ̀ yẹn, èèyàn ò rí ibi tí igi kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n ta á díẹ̀ sínú fóònù. Bàbá, kò dún. Wọ́n ta okùn gígùn, ó ṣe "kọ̀". Wọ́n ta kúkúrú, ó ṣe "kọ́". Bíi pé àlejò kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n wọn pákó àyà. Wọ́n ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà mẹ́wàá.

Mo kọ ọ́ sí yín pé mẹ́ta. Mo ní kí ẹ máa lù ú, kí ẹ máa gbọ́ ọ. Ẹ ní ẹ lù ú, ó dún. Ìyá Háàpù bi mí pé báwo ni ẹni tó ti ń ṣe káfíńtà láti nǹkan bí ogójì ọdún ò ṣe ní gbọ́ pé igi yìí ò dún. Mo gbaná jẹ fún wọn, mo ní kí wọ́n má bú bàbá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, èmi náà bi ara mi.

Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n ta orin náà fún yín ni? Ẹ ò kọ ọ́ sí mi létí, ẹ ò gbé fóònù, ẹ wá kan háàpù tí kò lè fọhùn. Bó bá jẹ́ pé inú ń bí yín ni, mo bẹ̀ yín, ẹ bínú sí mi ní gbangba.

Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ méje rèé, ẹ ò fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ara yín le, wọ́n parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ jù, mo mọ̀. Ẹ máà wo ti háàpù mọ́, ẹ fi gbé aṣọ kọ́ bó bá wù yín. N ò lè ká aṣọ dáadáa mọ́, ọ̀gá mi ní bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mi ti ń rí gbágungbàgun. Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi, kódà kó jẹ́ èébú.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá

Ẹlẹ́rìn-ín ọmọ mi,

Dá omijé rẹ dúró kó o gbọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ni n kì í gbọ́.

Etí mi ti lọ. Ẹ̀rọ ìlàgi ló kó o lọ díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo ọdún tí mo fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló ti lọ pátápátá, àfi bí èèyàn bá pariwo mọ́ mi lójú kòrókòró. Máṣíìnì ẹ̀gbọ́n rẹ tó o ń kí mi fún ìfaradà rẹ̀, n ò gbọ́ ọ rí láti ìgbà náà. Ohùn rẹ lórí fóònù dà bíi kòkòrò nínú ìgò. Ìgbà tí mo gbé e kẹ́yìn, o bi mí ní nǹkan, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." O tún bi mí, mo tún ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." N ò mọ ohun tí mo sọ bẹ́ẹ̀ ni sí títí dòní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ sẹ́yìn ilé bí fóònù bá dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀. Èmi ni mo ní kó má sọ.

Orúnkún kọ́ ló jẹ́ kí n ti ilé iṣẹ́ pa. Mo lọ ra igi, mo lù ú bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ní ó dáa. A là á, ó ti jẹrà nínú. Ẹni tó ń ta igi tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé òmíràn fún mi. Ojú tì mí, mo wálé mo ti ilẹ̀kùn.

Háàpù rẹ ló ṣí i. Mo fá pákó àyà náà, mo lù ú, n ò gbọ́ nǹkan. Mo tún fá a, mo lù ú, n ò gbọ́. Ẹ̀rù bà mí pé mo lè fá a já, mo dáwọ́ dúró níbi tí ojú mi ní ó le dáadáa, mo sì purọ́ fún ẹ. Mo fẹ́ kó o ṣì máa rò pé igi ń bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀.

N ò bínú sí ẹ rí, kódà lọ́jọ́ tó o lọ. Ó dùn mí ni, ìyẹn yàtọ̀. Máa bọ̀ lóṣù kejìlá. Ká jọ jẹun, ká wo ojú ara wa. Ti orin yẹn, fi sílẹ̀. Àdánù ni kó o wá ta á fún ẹni tí kò ní gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi àtàtà,

Mo sunkún, mo tún bínú, mo tún sunkún. Ọdún mẹ́ta! Èmi tí mo rò pé ẹ ti kọ̀ mí lọ́mọ, fóònù ni ẹ ń sá fún! Ẹ̀gbọ́n mi náà, tí mo bá délé, èmi àti wọn máa rí i. Ẹ sọ fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà yín fún Ìyá Háàpù. Wọ́n ní lẹ́tà yín jẹ́ kí àwọn fura sí ẹnì kan, kí n bá wọn lọ sọ́dọ̀ arúgbó wa tí kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àṣé etí òun náà ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀, wọ́n ní onígbèéraga ni. Ìyá Háàpù gbé háàpù tì í, wọ́n fi ọwọ́ júwe fún un pé kó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé igi náà. Wọ́n ta okùn gígùn kan. Bàbá, ọkùnrin náà la ojú. Ó ní, "Tún un ṣe." A wà níbẹ̀ títí aṣọ fi gbẹ mọ́ inú ẹ̀rọ.

Nítorí náà, ẹ tú okùn yẹn kúrò. Ẹ tún pákó náà fá. Bí ẹ bá ti fá a díẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, kí ẹ̀gbọ́n mi máa fi ìka lù ú. Ẹ má tẹ́tí, ẹ tẹ́ ọwọ́. Ọwọ́ tó lè mọ ibi tí igi ti rí gbágungbàgun láìwò ó, ṣé òun ló máa kùnà láti mọ ìgbà tí igi bá ń gbọ̀n? Bó bá ti ń gbọ̀n dé ọrùn ọwọ́ yín, ẹ dúró.

Ẹ tún lọ rí dókítà etí. Ẹ̀gbọ́n mi á mú yín lọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má bá mi jiyàn, n ò ní gbọ́ ọ, ọ̀nà jìn.

Ẹlẹ́rìn-ín


Ọjọ́ ogún, oṣù kọkànlá

Ẹlẹ́rìn-ín,

Dókítà wò mí, ó ní ó yẹ kí n ti tètè wá. Mo ní mo mọ̀. Ó ní òun á wá nǹkan tí wọ́n ń fi sí etí fún mi, kò ní dá gbogbo rẹ̀ padà, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Ọ̀rọ̀ ìyẹn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ gidi rèé. Mo tú àyà háàpù náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ lù ú, kò sí nǹkan. Mo fá a, ó lù ú, kò sí nǹkan. Ó ní òun ní aṣọ àwọn èèyàn láti rán. Mo ní kó lù ú. Nígbà tó di bí ogójì ìgbà, ó ń lù ú tìbínú-tìbínú, ohun kan sì rìn láti àtẹ́lẹwọ́ mi lọ sí ìgbọ̀nwọ́. Mo kígbe. Ó rò pé mo ti gé ìka ni.

Mo tún so okùn. Mo gbé àgbọ̀n lé e. Ọmọ mi, mò ń mọ okùn gígùn yàtọ̀ sí kúkúrú. Gígùn máa ń wá sí àyà, kúkúrú máa ń wá sí eyín. Mo ti fi pákó àlòkù kan sára ògiri, mo kọ ọ́ sí i pé mo ti ń gba iṣẹ́ padà. Ẹni tó ń ta igi ti mú àga kan wá.

Wá ta orin rẹ. Má gbé mi sí iwájú bí àlejò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá jókòó sí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dé láyọ̀. Òtútù kí mi káàbọ̀, ọgọ́ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà kí mi káàbọ̀. Mo fi fọ́tò háàpù han arúgbó wa. Ó fi ìka tọ ibi tí ẹ so igun pọ̀, ó ní, "Bàbá rẹ ló ṣe èyí?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Awakọ̀ ìsàlẹ̀ ní ilé ti dákẹ́ jù nígbà tí mi ò sí.

Ẹ̀yin sọ òótọ́ fún mi lóṣù kẹwàá, ó ku tèmi. Ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ tí mo ta orin yín. Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ gbé àgbọ̀n lé èjìká háàpù, ẹ gbé ọwọ́ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ di ojú. Ẹ̀gbọ́n mi dá máṣíìnì dúró. Mo ta ìlà kìíní, mo ta ìkejì. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta, ẹ la ojú, ẹ gbá igi náà, ẹ ní, "Rárá o! Bí mo ṣe ń kọ ọ́ kọ́ nìyẹn! Ó yẹ kó gòkè níbẹ̀!" Ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí. Ẹ rò pé ìbáwí ló pa mí lẹ́kún, ẹ ń bẹ̀ mí, ẹ ní mo ta á dáadáa, ìlà kan péré ni.

Bàbá, mo mọ ìlà kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ọ́ sí mi létí láti oṣù kẹjọ nígbà tí ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ta ni. Ẹ ti sọ fún mi rí pé ó dún nígbà tí kò dún, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ẹ lè jókòó síbẹ̀, kí ẹ máa mi orí, kí ẹ máa rẹ́rìn-ín músẹ́ nítorí pé ẹ fẹ́ràn mi. Mi ò fẹ́ ìyẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń dé ọ̀dọ̀ yín lóòótọ́. Nígbà tí ẹ kígbe mọ́ mi yẹn, n ò tíì gbọ́ ariwo tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹ gbọ́ mi, Bàbá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ gbọ́ mi, ẹ tún ní mo ṣì í.

Ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní òwú dúdú wọn ń bọ̀. Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n yí okùn yẹn fún yín láràárọ̀.

Ọmọ yín,
Ẹlẹ́rìn-ín